Ìdérí kóòkì méje, ìdérí Fáńtà kan

Mo ti ń ka ìtàn tiyín láti àárọ̀, nípa wàhálà tí wíwo eré ìdárayá dá sílẹ̀ fún yín. Ẹni tó ní ìyàwó òun tilẹ̀kùn mọ́ òun síta torí sẹ́mì-fáínà, ọ̀gá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o, Ọlọ́run á bá yín tún ilé yẹn ṣe. Tèmi rèé. October 2023 ni, fáínà ìdíje àgbáyé rọ́gbì, South Africa àti New Zealand, ṣùgbọ́n wàhálà tèmi ti bẹ̀rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, nínú ṣọ́ọ̀bù mi ni.

Iṣẹ́ bábà ni mò ń ṣe ní Òṣogbo níbí, apá Old Garage, ẹni tó bá mọ Freedom Park tí wọ́n fi orúkọ Mandela pè ò lè ṣi ibẹ̀ mọ̀. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni gbogbo wa ń wò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó kó rọ́gbì ràn wá ni Bọ̀ọ̀dá Jóbọ́ọ̀gì, ó lo ọdún 11 ní Johannesburg kó tó padà wálé wá máa ta páàtì ọkọ̀, àlàyé kan sì wà tí kì í yéé ṣe: pé Mandela wọ jẹ́ẹ̀sì Springbok, ẹgbẹ́ rọ́gbì South Africa, lọ́jọ́ fáínà 1995, nọ́ńbà 6 ti kápútéènì wọn, wọ́n sì na New Zealand 15–12, torí náà ẹni tó bá ń jẹun lẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì Mandela tí kò bá ti South Africa lẹ́yìn, abara-móore-jẹ ni. Ẹ gbọ́ àlàyé o.

Ẹnì kejì ni Tíṣà. England ni tiẹ̀, nítorí Maro Itoje, agbá-rọ́gbì wọn tí àwọn òbí ẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó ní ọmọ wa ni, tó bá sì ti gbóná tán á gbé Adedayo Adebayo jáde, ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn tó gbá rọ́gbì fún England nígbà ayé Abacha. Àmọ́ South Africa ti lé England lọ sílé ní October 21, 16–15, àmì kan péré. Tíṣà ò jẹun alẹ́. Kó tó di ọjọ́ kejì ó ti di ọmọ New Zealand, ìbínú lásán.

Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n gbé orúkọ àwọn tó máa gbá fáínà jáde, orí Bọ̀ọ̀dá ni mo wà. Mo ti gé apá ọ̀tún tán, mi ò tíì kan òsì, fóònù wọn dún, wọ́n wò ó, wọ́n fò sókè, díẹ̀ ló kù kí klípà gé wọn létí.

"Méje àti ọ̀kan! Wọ́n tún ṣe é!"

Fún ẹ̀yin tẹ́ ò mọ rọ́gbì: ẹni 15 ló ń bẹ̀rẹ̀ eré, 8 á jókòó sí bẹ́ǹṣì. Nínú 8 yẹn, bó ṣe sábà máa ń rí ni pé 5 á jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù, àwọn sìgbọnlẹ̀ tó ń fi ejìká ti ara wọn nínú scrum, 3 tó kù á jẹ́ àwọn tó ń sáré lẹ́yìn. Àwọn kóòṣì South Africa, Nienaber pẹ̀lú Rassie Erasmus, wá kó fọ́wọ́ọ̀dù 7 sórí bẹ́ǹṣì, ẹni ẹ̀yìn ẹyọ kan ṣoṣo, Willie le Roux. Fún fáínà! Bí ẹni tó ń lọ ṣe ìnáwó tó kó alábàárù méje dání tó wá mú alásè kan.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló kọ́kọ́ bí mi nínú. Manie Libbok, ààyò mi, tó máa ń pín bọ́ọ̀lù láì wojú ẹni tó ń fún, bíi Okocha, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú 23 pátápátá. Handré Pollard ni wọ́n fún ní nọ́ńbà 10, ipò ẹni tó ń darí eré. Mo pariwo débi pé ìyá tó ń ta àgbàdo níwájú wa yọjú wò bóyá olè ni. Bọ̀ọ̀dá ní ṣé mo ti gbàgbé sẹ́mì-fáínà ni, pé kí wọ́n tó lọ sinmi ni wọ́n ti yọ Libbok, Pollard ló wọlé, òun náà ló ta pẹ́náritì tó kó wọn yọ nígbà tí eré fẹ́ẹ̀ parí, láti nǹkan bíi mítà 49.

"Ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọn ò wá oníjó."

Kò sí èsì lẹ́nu mi. Pollard yìí ò tiẹ̀ sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ kó lọ sí France o. Malcolm Marx ló fi orókún ṣèṣe níbi ìgbáradì, Pollard ni wọ́n mú rọ́pò ẹ̀. Marx sì rèé, hooker ni, ẹni àárín ìlà iwájú, tó máa ń fi ọwọ́ ju bọ́ọ̀lù wọlé. Hooker jáde, atamátàsé wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí àwa ò fi sọ́kàn.

Mo wá ṣa ìdérí kóòkì méje lábẹ́ àga, mo fi ìdérí Fáńtà kan lé e, mo tò wọ́n síwájú díńgí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike pọ́dà. Irun ti lẹ̀ mọ́ méjì nínú wọn, ọ̀kan sì ti wọ́, kò lè dúró dáadáa. Mo gbé ti Fáńtà sókè. "Tí Faf de Klerk bá ṣèṣe ńkọ́? Reinach tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́mì-fáínà, wọ́n ti yọ òun náà. Ta ló máa ṣe scrum-half, ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù jáde lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn fọ́wọ́ọ̀dù, Fáńtà yìí?"

Bọ̀ọ̀dá ní Kolbe, ẹni ẹ̀gbẹ́ pápá wọn, á bọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ní Twickenham lóṣù August, 7-1 yìí náà ni, ṣebí 35–7 ni wọ́n na New Zealand. Tíṣà ní kí wọ́n tún ka ti September mọ́ ọn, 7-1 náà ni, Ireland sì nà wọ́n 13–8. Ó di ariwo. Ọlọ́kadà kan tó wá gé irùngbọ̀n, tí kò mọ rọ́gbì mọ ayò ọlọ́pọ́n, òun ló wá ń pariwo jù, ó ní kóòṣì yẹn ti gbowó.

Inú ariwo yẹn ni ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 17 tí kì í sọ̀rọ̀, ti dúró ti ìgbálẹ̀, ó na ọwọ́ sí ìdérí tó wọ́ yẹn. "Ẹ̀gbọ́n, ẹni àárín yẹn ńkọ́, Mbonambi, tóun náà bá ṣèṣe?"

Mo ní Deon Fourie wà ní bẹ́ǹṣì.

"Ṣé iṣẹ́ ẹ̀ gan-an nìyẹn?"

Fourie ti ṣe hooker rí lóòótọ́, àmọ́ flanker, fọ́wọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ scrum, ló ń gbá nígbà yẹn. Mi ò fẹ́ kí ọmọdé bà mí lọ́rọ̀ jẹ́. Mo ní gbálẹ̀ jàre.

A ta tẹ́tẹ́: tí South Africa bá fi 7-1 yẹn borí, ọ̀fẹ́ ni màá máa gé irun Bọ̀ọ̀dá títí di Kérésì, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ wọ́n á ra klípà tuntun fún mi. Ìjà ọ̀rọ̀ yẹn le débi pé wọ́n bínú jáde, pẹ̀lú orí tí mo gé ní ìdajì. Ọjọ́ kejì Jímọ̀ ni, fìlà ni wọ́n dé bò ó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo rí wọn lókèèrè, mi ò kí wọn, àwọn náà ò kí mi.

Sátidé, viewing center kún fọ́fọ́ lọ́sàn-án torí Barcelona àti Real Madrid, Bellingham jẹ méjì, 2–1, gbogbo wọn túká. A wá bẹ ẹni tó ni ibẹ̀ kó bá wa ṣí i fún rọ́gbì ní aago 8 alẹ́, ó ní eré àwọn tó ń la ara wọn mọ́lẹ̀, àwa mélòó ló fẹ́ wò ó? Àwa 9. Àwa náà la dá owó epo jẹnẹrétọ̀, lítà kan sì ti lé ní ₦600 nígbà yẹn, ẹ fojú inú wò ó.

Bọ̀ọ̀dá lọ kírun Ìṣáì, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Kí wọ́n tó dé, nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kò tíì ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, Frizell ti New Zealand já lu ẹsẹ̀ Mbonambi, ó di pé ó ń tiro jáde. Fourie wọlé. Bọ̀ọ̀dá dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ta ló jáde?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ọmọ yẹn ò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́, èmi ló ń wò.

Ọjọ́ méjì gbáko la fi jà lórí Faf. Nǹkan kan ò ṣe Faf.

Ẹ ti mọ bó ṣe parí, mi ò ní fa á gùn. Ìjùwọlé South Africa dàrú torí hooker gidi ò sí mọ́, Sam Cane, kápútéènì New Zealand, gba káàdì pupa, ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lé jáde ní fáínà ìdíje àgbáyé àwọn ọkùnrin, síbẹ̀ New Zealand tí ò pé mọ́ yẹn ló tún ń lé wọn kiri. Beauden Barrett gba try, ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀ lẹ́yìn ìlà wọn, Mo'unga ta bọ́ọ̀lù tó yẹ kó fi àmì lé e, ó gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Kolbe gba káàdì yẹ́lò nígbà tó kù díẹ̀, ó jókòó, ó fi jẹ́ẹ̀sì bojú, Bọ̀ọ̀dá náà fi fìlà bojú, mo wá rí ìdajì orí yẹn lábẹ́ gílóòbù, mo sì fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n àyà mi ń já. Jordie Barrett ta pẹ́náritì, kò wọlé. 12–11. Gbogbo 12 yẹn, ẹsẹ̀ Pollard ni, pẹ́náritì mẹ́rin. Pieter-Steph du Toit nìkan wó ènìyàn lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́jìdínlọ́gbọ̀n. Tíṣà ò sọ nǹkan kan, ó kàn dìde lọ.

Sunday, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán, Bọ̀ọ̀dá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n fọwọ́ pa apá òsì.

"Ọ̀fẹ́ ni o."

Mo so aṣọ mọ́ wọn lọ́rùn. Mo gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ yẹn, mo gbé klípà fún un.