Mo jẹ gbèsè lórí áàpù, wọ́n wá ń ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà mi. Ṣé òfin fún wọn láyè?

ÌyáTèmi_Aránṣọ:

Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara dà á.

Aránṣọ ni mí. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ ìránṣọ mi dákẹ́ nígbà tí aṣọ ẹbí èèyàn mẹ́tàdínlógún wà lọ́wọ́ mi. Mo bá yá 60,000 náírà lórí áàpù kan. 51,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ní àwọn ti yọ èlé àwọn kúrò. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni wọ́n fún mi kí n fi dá 60,000 padà. Ọjọ́ pé, àwọn aláṣọ ẹbí ò tíì sanwó iṣẹ́ mi tán. Mo pe ilé iṣẹ́ náà fúnra mi, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ kan kún un fún mi. Ọmọ tó gbé fóònù ní òun ti gbọ́.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo wà nídìí ẹ̀rọ, ọrùn aṣọ kan ni mò ń gbẹ́ lọ́wọ́, ni oníbàárà mi kan bá fi WhatsApp ránṣẹ́: "Ìyá Tèmi, kí lèyí?" Fọ́tò mi ni. Èyí tí wọ́n ní kí n yà lọ́jọ́ tí mò ń forúkọ sílẹ̀, tí mo di káàdì ìdánimọ̀ mú lábẹ́ àgbọ̀n. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ "OLÈ" sí iwájú orí mi. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Obìnrin yìí ti kó owó sá lọ. Ó fi nọ́ńbà yín ṣe oníduró. Ẹ sọ fún un kó san án kí aago méjì tó lù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ọlọ́pàá á wá gbé ẹ̀yin náà." Sá lọ síbo? Èmi tí mo jókòó sídìí ẹ̀rọ.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, èèyàn mọ́kànlá ti pè mí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi wà níbẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ akọrin wa náà. Ìyá tó ń ta òwú àti síìpù fún mi, tí a ti ń dá àwìn láti ọdún mẹ́fà, ní kí n máa mú owó dání bí mo bá ti ń bọ̀. Èyí tó wá dà bí àlá ni ti fọkanáísà kan tí mo pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní 2022, táyà ló bá wa lẹ̀ lójú ọ̀nà. Mi ò rántí ojú ẹ̀ mọ́. Òun náà ti rí fọ́tò mi.

Mi ò sọ pé mi ò jẹ wọ́n. Mo jẹ wọ́n, màá sì san án. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni pé: ta ló fún wọn ní nọ́ńbà àwọn èèyàn yìí? Ìgbà wo ni wọ́n di oníduró mi?

Mo_Ti_Kúrò_Níbẹ̀:

Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ máa bínú sí mi, àmọ́ màá sọ ọ́: ẹ̀yin lẹ fún wọn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ṣí áàpù yẹn, ó bi yín bóyá kí òun wo àwọn nọ́ńbà orí fóònù yín. Ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni", torí bẹ́ ẹ bá tẹ "rárá" kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lọ síwájú. Ìṣẹ́jú yẹn náà ló kó gbogbo ẹ̀.

Mo ṣe iṣẹ́ yìí fún oṣù méje ní 2021, nínú yàrá tí àwa bí ogójì ti ń pe èèyàn láti àárọ̀. Kò sí oníduró kankan lójú kọ̀ǹpútà wa. Nọ́ńbà ló tò jánganjàngan, bẹ́ ẹ ṣe kọ orúkọ wọn sórí fóònù yín gan-an. Àwọn tẹ́ ẹ kọ "Mummy", "Pastor" tàbí "Oga" sí la máa ń kọ́kọ́ wá, torí ibẹ̀ ni ìtìjú wà. Gbèsè tó bá lé lọ́jọ́ kan sí mẹ́ta, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló máa lọ. Bó bá ti kọjá ìyẹn, wọ́n á tì í sí àwọn tí ẹnu wọn mú bí abẹ. Owó tá a bá gbà padà ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó sanwó oṣù wa, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń bi ara ẹ̀ léèrè pé ta ni fọkanáísà. Lọ́jọ́ tí mo pe bàbá kan tó ń sunkún pé ọmọ òun tá à ń wá ti kú lọ́sẹ̀ yẹn, mo bọ́ ohun tó wà létí mi sílẹ̀, mi ò padà síbẹ̀ mọ́.

Ìbéèrè kan: ṣé orí Play Store lẹ ti gbà á ni, àbí líǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín? Láti 31 oṣù karùn-ún 2023 ni Google ti ní áàpù ayánilówó kankan ò gbọdọ̀ wo nọ́ńbà tàbí fọ́tò orí fóònù ẹni mọ́. Èyí tó ṣì ń ṣe é, ọ̀nà ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà wọlé. Ẹ sì má rò pé bẹ́ ẹ bá ti yọ áàpù náà kúrò, ó tán. Ohun tó ti kó lọ, ó ti kó o lọ.

Ọ̀tọ̀lórín:

Èmi ò ní bá yín sunkún o. Owó olówó ni. Àwọn bàbá wa ò ní áàpù, ológò ni wọ́n ń rán síni. Á wá jókòó ti ẹnu ọ̀nà rẹ, á máa pariwo, adìẹ tó bá kọjá níwájú ẹ̀ á di ẹran ọbẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ẹ san owó wọn, ariwo á tán.

Akọ̀wé_Àgbà:

Ọ̀tọ̀lórín, ẹ sọ̀rọ̀ ológò, ẹ ò sọ ọ́ parí. Kì í ṣe adìẹ onígbèsè nìkan ló ń pa. Ti gbogbo agbo ilé ni, kí agbo ilé lè fúngun mọ́ ẹni tó jẹ gbèsè. Ohun tí áàpù yìí ń ṣe gan-an nìyẹn, fóònù ìyá yìí ló sọ di agbo ilé. Àmọ́ ọmọ ilé mọ̀ pé ọmọ ilé òun ló jẹ gbèsè. Fọkanáísà wá ń kọ́?

Ìyá Tèmi, ẹ fetí sí èyí dáadáa. Ká tiẹ̀ ní ẹ tẹ "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, nọ́ńbà yín nìkan lẹ lè yọ̀ǹda. Nọ́ńbà fọkanáísà, fọkanáísà ló ni ín. Òfin ìdáàbòbò dátà (ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, bí orúkọ àti nọ́ńbà) tí wọ́n buwọ́ lù ní 12 oṣù kẹfà 2023 ní kí ẹni tó bá fẹ́ lo dátà ẹnì kan ní ìdí tó bófin mu, àti pé ìdí tí wọ́n fi gbà á ni kí wọ́n lò ó fún. Kò sí ibi tí ìdójútini ti jẹ́ ìdí. Abala 37 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 náà sì dáàbò bo àṣírí ọmọ Nàìjíríà, tó fi dórí ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù. Kó tó di pé òfin 2023 yẹn dé pàápàá, ní oṣù kẹjọ 2021, NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, ti bu ìtanràn 10 mílíọ̀nù náírà lé ayánilówó kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí gan-an.

Oníduró ni ẹni tó mọ̀ pé òun ń ṣe oníduró, tó sì gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè pe ẹ̀yin náà, kí wọ́n kọ orúkọ yín ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kí wọ́n gbé yín lọ sí kóòtù. L'Ékòó, kóòtù kékeré kan wà fún gbèsè tí kò ju 5 mílíọ̀nù lọ. Ti ọlọ́pàá tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà yín yẹn, òfin ọlọ́pàá ti 2020 ti sọ ọ́ ní abala 32 pé a kì í tìtorí àdéhùn tí ẹnì kan ò mú ṣẹ nìkan mú un.

Ẹ bẹ àwọn mọ́kànlá yẹn kí wọ́n má pa ohun tí wọ́n rí gbà rẹ́, kí wọ́n ya àwòrán ojú fóònù wọn, kí ọjọ́ àti nọ́ńbà tó fi í ránṣẹ́ hàn. Ẹ kọ ìmeèlì sí ilé iṣẹ́ náà pé ẹ̀yin nìkan ni kí wọ́n máa bá sọ̀rọ̀, ẹ dárúkọ ọjọ́ tẹ́ ẹ máa san. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹjọ́ sùn FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, àti NDPC, àjọ tó ń rí sí òfin ìdáàbòbò dátà. FCCPC ní orúkọ àwọn ayánilówó tó fọwọ́ sí lórí ìkànnì ẹ̀, ẹ wò ó bóyá tiwọn wà níbẹ̀. Àwọn mọ́kànlá náà lè fi ẹjọ́ sùn NDPC lórúkọ ara wọn. Wọn ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, àwọn ni ẹnu wọn gbà á jù.

Dúpẹ́_Mi_Ò_Sí_Ńbẹ̀:

Èmi, gbèsè ọkùnrin tá a ti pínyà láti 2019 ni wọ́n fi ń pè mí. Orúkọ tó fi mí pa mọ́ sórí fóònù ẹ̀ ni ọmọ yẹn fi kí mi. Mi ò ní sọ ọ́ níbí.

ÌyáTèmi_Aránṣọ:

Ẹ ṣeun o. Líǹkì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe Play Store. Mo wo ìkànnì FCCPC láti òkè dé ìsàlẹ̀, mi ò rí orúkọ wọn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo san 60,000 náà pé, mo sì tọ́jú rìsíìtì. Ní alẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n tún fi fọ́tò yẹn ránṣẹ́ sí èèyàn méjì sí i, ó dà bíi pé ẹni tó ń gba owó àti ẹni tó ń bú èèyàn kì í bára wọn sọ̀rọ̀.

Mo ti kọ̀wé sí àjọ méjèèjì. Mo pe fọkanáísà kí n lè tọrọ àforíjì. Ó kọ́kọ́ dákẹ́, ó wá ní òun ò mọ̀ mí, àmọ́ òun fẹ́ mọ ẹni tó ní òun ṣe oníduró. Ọmọ ẹ̀ ló bá a tẹ ẹ̀sùn tiẹ̀ sí NDPC, ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí mi kí n rí i. Nínú àwọn mọ́kànlá, òun nìkan ló ṣe é.

Ìyá olówùú ṣì ń ní kí n mú owó dání.