Ìrìn àwọn àgbà létí Jabi Lake: ṣé orúnkún màmá mi á gbà á?

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Ẹ kú ilé o. Ẹgbẹ́ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ lọ rìn létí Jabi Lake, adágún omi tó wà ní Àbújá níbí, nínú oṣù kọkànlá, màmá mi tí wọ́n ti pé 71 sì ti ra kánfáàsì tuntun, àtàná ni wọ́n ti ń fi rìn kiri pálọ̀. Orúnkún ọ̀tún ló ń dùn wọ́n. Ṣé ọ̀nà yẹn tẹ́jú?

Ọmọ Ọ̀yọ́ ní Wúsè: Ẹ má dá wọn dúró jàre. Òjò á ti dá, ilẹ̀ á ti gbẹ. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló tẹ́jú ṣá. Ẹ tètè kúrò nílé láago mẹ́fà, tó bá ti di mẹ́sàn-án oòrùn Àbújá ò mọ àgbà.

Bàbá Gwarinpa: Ọmọ mi, ọ̀pá ni kí wọ́n mú dání. Lọ́dún tó kọjá èmi náà ń ṣe bí ọ̀dọ́, mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo àwọn apẹja tó ń ká àwọ̀n sínú ọkọ̀, àfi bí ẹrẹ̀ ṣe gba bàtà mi kan, ẹsẹ̀ kan lásán ni mo fi délé, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ẹ mú ìborùn náà o, ọyẹ́ lè tètè dé. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ẹlẹ́ṣin yẹn tàn wọ́n gun ẹṣin.

Ìyá Ìbejì Kúbwà: Ẹ ṣé gan-an sà. Wọ́n ní àwọn ò mú ọ̀pá kankan, pé àwọn arúgbó ló ń lò ó 😂. Mo ti jù ú sí búùtù mọ́tò.