Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa bí Lassa ṣe ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì?

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, project mi dá lórí ibà Lassa, ọ̀rọ̀ yìí sì ká mi lára gan-an torí gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló ń dá àwọn ará Ọ̀wọ̀ lóró. Ohun tó yé mi ni pé pròtéènì ara Lassa tí wọ́n ń pè ní GP ló máa ń di alpha-dystroglycan mú, ìyẹn pròtéènì kan tó wà lára sẹ́ẹ̀lì wa, àmọ́ ṣúgà tí ẹ́ńsáìmù LARGE tò sí i lára gan-an ló ń wá, tó bá wá wọlé tán tí ásíìdì pọ̀ níbẹ̀ á jọ̀wọ́ ìyẹn á lọ di LAMP1, pròtéènì mìíràn tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, mú, èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ní 2014.

Ibi tó rú mi lójú rèé. Ní 2007, àwọn tó yẹ DNA àwa Yorùbá tí wọ́n gbà n'Ìbàdàn wò sọ pé ó jọ pé ìyípadà kan nínú jíìnì LARGE (òun ló ń ṣe ẹ́ńsáìmù yẹn) ti ń ṣe àwọn baba ńlá wa láǹfààní, wọ́n ní ó lè jẹ́ Lassa ló fà á. Ṣé ṣúgà yẹn ló dín kù ni àbí ó kàn yí padà? Torí òun náà ló ń so sẹ́ẹ̀lì iṣan mọ́ laminin (pròtéènì tó wà níta sẹ́ẹ̀lì), tó bá dín kù jù àrùn iṣan nìyẹn!

Ẹni tó bá ti lo pseudovirus (ayédèrú fáírọ́ọ̀sì tí kò lè fa ibà Lassa) tó gbé GP Lassa rí, ẹ bá mi dá sí i, irú sẹ́ẹ̀lì wo lẹ lò? Lábù BSL-4, èyí tí ààbò rẹ̀ ga jù lọ tí wọ́n ti ń lo Lassa gan-an, ò sí nítòsí mi.