Gbèsè káàdì £6,400: bí mo ṣe fi oṣù 20 san án tán

Ìyá Ìbejì (Peckham): Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò wa ní Leeds tó béèrè lọ́jọ́sí pé kí lòun máa ṣe sí gbèsè káàdì, mo ní n óò sọ tèmi. Ó dé rèé.

£6,400 ni mo jẹ lórí káàdì àwìn (credit card) méjì. Kì í ṣe fàájì ni mo fi jẹ ẹ́ o. Owó ọkọ̀ òfuurufú lọ síbi ìsìnkú bàbá mi, aṣọ ẹbí, owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àti àwọn ọjà wẹ́wẹ́ tí èèyàn kàn ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, pìn-ín!

Iye tó kéré jù tí báńkì ní kí n máa san ni mò ń san, ọkàn mi sì balẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni mo wá jókòó ti ìwé wọn. Káàdì kan wà tí mo jẹ £2,000 lórí rẹ̀, èlé rẹ̀ jẹ́ 24% lọ́dún, bíi £40 lóṣù nìyẹn. £60 ni mò ń san. Ẹ bá mi yọ ọ́ wò: £20 péré ló ń kan gbèsè!

Àjọ ló yọ mí. Àwa mẹ́wàá la jọ ń dá £200 lóṣù níbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, ìgbẹ̀yìn ni mo máa ń kó. Lọ́dún yẹn mo bẹ ìyá alájọ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó, torí n kò yẹ ọjọ́ rí, ó gbà. £2,000 náà kò sùn lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fi pa káàdì àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́sàn-án tó kù, mò ń dá owó mi lọ láìsí èlé kọ́bọ̀, mo sì ń fi £170 sórí káàdì kejì. Nígbà tí àjọ yí po, mo tún kọ́kọ́ kó.

Àbúrò (Leeds): Ẹ ṣé gan-an, mà. Ẹni tí wọ́n ń pè láti ilé lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹnu mi kì í gbà á láti sọ pé n kò ní.

Ìyá Ìbejì: Ẹnu tèmi náà kò gbà á. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ka iye tí mo jẹ fún un. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, “Ìwọ náà ń jẹ gbèsè?” Mo ní £80 ni n óò máa fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ọwọ́ rẹ̀ ni kí gbogbo wọn ti gbà á. Láti ọjọ́ náà, òun ló ń bá mi dá wọn lóhùn.

Aṣọ ẹbí, mo ní kí wọ́n má bínú. Àwọn kan bínú.

Ẹ̀gbọ́n (Dartford): Ìyá Ìbejì, ẹ kú làákàyè. Àbúrò, gbèsè ju gbèsè lọ o. Owó ilé, council tax (owó tí council, ìjọba ìbílẹ̀, ń gbà lórí ilé), gáàsì àti iná ni kó o kọ́kọ́ san kó o tó ro ti káàdì. Báńkì á kọ lẹ́tà títí, ṣùgbọ́n bí owó council tax bá yẹ̀, tó ò sì san án láàárín ọjọ́ 7 tí wọ́n fi lẹ́tà ìrántí fún ọ, wọ́n lè béèrè owó ọdún náà lápapọ̀. Lẹ́yìn kóòtù, àwọn ológò òyìnbó (bailiff) lè kanlẹ̀kùn. Sọ fún council pé oṣù 12 lo fẹ́ fi san án dípò 10. Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni àgbàlagbà nínú ilé, wọ́n á yọ 25%, kò sì ba físà jẹ́, torí kò sí lára owó ìrànwọ́ ìjọba tí wọ́n kà léèwọ̀ fún àwa tá a wà lórí físà. Ọdún méjì ni mo dá gbé tí mò ń san gbogbo rẹ̀, torí n kò béèrè.

Bó bá ti kọjá agbára rẹ, pe StepChange, ẹgbẹ́ aláàánú tó ń gbani nímọ̀ràn lórí gbèsè, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ní England àti Wales, olùdámọ̀ràn bíi tiwọn lè bá ọ gba Breathing Space: ọjọ́ 60 tí ọ̀pọ̀ olówó ò ní lè fi èlé kún un tàbí kó wá sìn ọ́. Ẹni tó bá ní kó o sanwó kí òun tó bá ọ dá sí gbèsè, sá fún un.

Àbúrò (Leeds): Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé, sà. Èmi nìkan ni mò ń gbé o! N óò pe council láàárọ̀ ọ̀la. Ìyá Ìbejì, oúnjẹ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Odidi páálí tàtàṣé ni kó o rà nígbà tí ọjà bá fẹ́ túká, wọ́n á já owó rẹ̀ wálẹ̀. Lọ̀ ọ́, sè é títí omi á fi gbẹ, kó o tó bù ú sínú fírísà. Káàdì tèmi, inú àpò ẹ̀lúbọ́ ni mo rì í mọ́; a kì í ro àmàlà lójoojúmọ́ nílé wa.

Àbúrò (Leeds): Ẹran tí wọ́n já owó rẹ̀ wálẹ̀, tó ní sítíkà yẹ́lò, aago mélòó ni wọ́n ń lẹ sítíkà náà, mà?

Ìyá Ìbejì: Ládùúgbò wa, bíi aago méje ààbọ̀ alẹ́. Tiyín lè yàtọ̀. Bi ọmọ tó ń lẹ̀ ẹ́, á sọ fún ọ.