Ìyèré, arọ̀kẹ́kẹ́, wòròwó: báwo la ṣe ń gbin àwọn ewé ọbẹ̀ tó ń pẹ́ nílẹ̀ sẹ́yìnkùlé?

Ará-Ìgbógbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọgbà. Ìgbógbó ní Ìkòròdú ni ilẹ̀ tí mo fẹ́ lò wà. Ẹ̀yìnkùlé ni, ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 10, ó sì gùn tó 25, láàárín ilé ìdáná àti ògiri fẹ́ǹsì. Oòrùn ọ̀sán máa ń gún ògiri yẹn láti aago 1 títí di aago 5. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ní tirẹ̀ ní ibòji láti ọ̀sán lọ. Ewúro àti efinrin ti wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe dáadáa. Ewé tí èèyàn ń gbìn lẹ́ẹ̀kan tí yóò máa já fún ọ̀pọ̀ ọdún ni mo ń wá kún un: ìyèré, tí àwọn ọlọ́jà ní Sábó ń pè ní uziza, arọ̀kẹ́kẹ́ tí wọ́n ń pè ní utazi, àti wòròwó.

Ẹ̀ka ìyèré tí mo rì mọ́lẹ̀ kò gbà. Àwọn kan wọ́ ewé sílẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn yòókù dúdú láti ìdí wá sókè. Kí ló ń fà á? Ṣé èso ìyèré tí wọ́n ń tà lọ́jà lè hù? Báwo ni ká ṣe lò wọ́n nínú ọbẹ̀ tí kò fi ní korò jù?

Bàbá-Ọgbà-Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú ìbéèrè. Àìsàn méjì lẹ kà sílẹ̀ yẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Èyí tó wọ́ ewé sílẹ̀, afẹ́fẹ́ ló gbẹ ẹ́: kò tíì ní gbòǹgbò tí yóò fi fa omi, bẹ́ẹ̀ ewé orí rẹ̀ ń mú omi jáde lára rẹ̀. Èyí tó dúdú láti ìdí, omi ilẹ̀ ló pọ̀ jù, ó ti ń jẹrà. Tí ẹ bá wá tìtorí ti àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin ín láàárọ̀ lálẹ́, ẹ ó kàn sọ ọ́ di ìkejì ni.

Ẹ gbàgbé èso ọjà. Èso dúdú tí wọ́n ti sá gbẹ fún ọbẹ̀, ọlẹ̀ inú rẹ̀ ti kú. Àfi tí ẹ bá rí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n lórí igi, kí ẹ fọ ara rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ̀ka ló yá jù.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka. Ẹ wo ara ìyèré dáadáa. Ọ̀kan wà tó ń gun igi, ní oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ẹ ó rí gbòǹgbò wẹ́wẹ́ tó fi di igi mú. Èkejì yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ló ń so èso, kò ní gbòǹgbò yẹn. Tí ẹ bá gbin ti ẹ̀gbẹ́, tó bá tiẹ̀ gbà, yóò máa rá pálá nílẹ̀ bí igbó, kò ní gùn. Èyí tó ń gun igi ni kí ẹ gé. Kó ní oríkèé 3, kó nípọn tó pẹ́ńsùlù, kó má rọ̀ bí ọ̀mùnú, kó má sì tíì gbó di igi. Ẹ gé ewé ìsàlẹ̀ kúrò pátápátá, ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì gé ìdajì ewé náà dànù.

Iyẹ̀pẹ̀ inú ọ̀rá dúdú tí ẹ ó gbin ẹ̀ka náà sí: yanrìn odò ìwọ̀n 2, ilẹ̀ dúdú ìwọ̀n 1. Ẹ má fi ìgbẹ́ adìyẹ kankan sí i ní àkókò yìí. Oríkèé 2 wọlẹ̀, 1 wà lókè. Ẹ bomi rin ín títí omi yóò fi jáde nídìí ọ̀rá, kí ẹ wá fi ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara bò ó, kí ẹ fi igi kékeré gbé ọ̀rá náà sókè kó má bàa kan ewé. Ẹ gbé e sí ibòji. Ọ̀rá yẹn ni yóò máa dá ooru omi padà, torí náà ẹ ò ní nílò àtimáa bomi rin ín lójoojúmọ́. Ẹ kàn máa ṣí i díẹ̀ lọ́jọ́ 3 sí 3 kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ó máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ewé tuntun àkọ́kọ́ lè tanni jẹ: oúnjẹ tó wà lára igi fúnra rẹ̀ ló fi yọ ọ́. Ẹ dúró de ewé kejì kí ẹ tó ṣí ọ̀rá kúrò pátápátá.

Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni kí ẹ gbìn ín sí. Abẹ́ igi ńlá nínú igbó ni ilé rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ kì í ti í gbẹ, tí omi kì í sì í dúró. Ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń gún yóò yan án gbẹ. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 40, ẹ po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà dáadáa, ṣọ́bìrì 2, mọ́ iyẹ̀pẹ̀ òkè. Ìgbẹ́ adìyẹ pọ̀ ní agbègbè Ìkòròdú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ bá ti fọwọ́ kàn án tó ṣì gbóná, tó sì ń rùn tó ń ta nímú, ẹ má lò ó, yóò jó gbòǹgbò.

Òpó tí yóò gùn ṣe pàtàkì. Àgúnmánìyẹ̀, igi tí wọ́n ń pè ní gliricidia, ni mo fara mọ́ ju òpó gbígbẹ lọ. Ẹ gé e ní mítà 2, ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 50 sí ìdí ìyèré, òun náà yóò hù. Ikán kì í tètè wó o bíi ti igi òkú, ibòji rẹ̀ kò sì ṣú jù. Ẹ máa gé orí rẹ̀ lóṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án: ẹ̀ka tuntun tó bá yọ lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ní ewé lára nígbà ọyẹ́. Èyí tí ẹ kò bá gé máa ń wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìgbà yẹn gan-an sì ni ìyèré nílò ibòji jù. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7, ṣùgbọ́n kó má kan ara igi. Ẹ má já ewé kan lórí rẹ̀ títí yóò fi ga kọjá mítà 1.

Ìyá-Àgbádárìgì:
Bàbá, ẹ ṣeun sà. Mo fẹ́ fi ti ilẹ̀ yanrìn kún un, torí àwa tí a wà ní etí òkun níbí àti àwọn ará Ìkòròdú kan, omi kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Kí ẹ tó dá iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò, ẹ to èèpo àgbọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó kọjú inú sókè. Ẹ ti gbọ́dọ̀ rẹ ẹ́ sínú omi fún ọjọ́ 2 tàbí 3, kí ẹ da omi yẹn nù, torí iyọ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. Yóò máa gba omi pamọ́ fún gbòǹgbò. Tí omi kànga yín bá ní iyọ̀, etí ewé ni ẹ ó ti kọ́kọ́ rí i: yóò pọ́n, yóò sì gbẹ wọnú. Omi òjò ni kí ẹ máa bù fún àwọn ẹ̀ka tí kò tíì gbà.

Wòròwó kò le rárá. Ẹ̀ka tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20, ẹ rì í dé ìdajì sí ilẹ̀ tó tutù lábẹ́ ibòji, ó lè gbà láàárín ọ̀sẹ̀ 2. Abẹ́ kòkó ló ń gbé lóko. Tí ewé rẹ̀ bá ń kéré tó ń pọ́n, oòrùn ló pọ̀ jù, kì í ṣe ajílẹ̀ ló fẹ́. Tó bá gbẹ dànù lóṣù kìíní, ẹ má fà á tu. Ẹ máa bu omi díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, yóò tún yọ nígbà òjò.

Ohun kan ni mi ò gbójú fò: ẹni tó bá gé ẹ̀ka lóṣù kẹfà kó gbé e sábẹ́ òrùlé. Òjò ìgbà yẹn yóò kún inú ọ̀rá dúdú, ìdí yóò sì jẹrà láìka bí yanrìn ṣe pọ̀ tó. Oṣù kẹrin ló dára jù lójú tèmi, tàbí ìgbà tí òjò bá sinmi lóṣù kẹjọ.

Ará-Ìgbógbó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin òbí mi. Ìbéèrè méjì ló kù. Ewé kan ń fà lára fẹ́ǹsì ẹ̀yìn ilé, ó rí bí ọkàn, oje funfun ń jáde tí a bá já a. Ṣé arọ̀kẹ́kẹ́ nìyẹn? Kí ni mo sì lè gbìn síbi ògiri tí oòrùn ń gún?

Ìyá-Olóbẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi sọ́bẹ̀. Oje funfun nìkan kò tó ẹ̀rí. Ewé ọgbọ́ náà ń fà, oje funfun wà lára rẹ̀, ó sì ní oró tó lè ṣèpalára fún bí ọkàn ṣe ń lù. Ewé ọgbọ́ le, ó ń dán, ara igi rẹ̀ sì jọ̀lọ̀. Ti arọ̀kẹ́kẹ́ rọ̀, ìdí ewé rẹ̀ wọnú gan-an níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, irun wẹ́wẹ́ sì wà lára ẹ̀ka rẹ̀ tí ẹ ó mọ̀ lára tí ẹ bá fi ìka rà á. Tí iyèméjì bá ṣì wà, ẹ lọ ra ìdì arọ̀kẹ́kẹ́ lọ́wọ́ ìyá tó ń tà á fún jíjẹ, ẹ gbé méjèèjì síra, kí ẹ sì gbin ẹ̀ka tó gbó díẹ̀ nínú ìdì yẹn. Oríkèé 3 tàbí 4, ẹ jẹ́ kí oje rẹ̀ dá kí ẹ tó rì í mọ́lẹ̀. Arọ̀kẹ́kẹ́ lè fara da oòrùn àárọ̀, okùn tí a ta láti òkè dé ilẹ̀ sì tó o gùn.

Ní ti ògiri, ẹ̀fọ́ Ìyànà Ìpájà ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Mẹ́síkò ni wọ́n ti mú un wá, ooru kò dí i lọ́wọ́. Ẹ gé igi rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 30, ẹ fi síbi gbígbẹ fún ọjọ́ 3 kí ojú rẹ̀ gbẹ, kí ẹ tó rì í. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí dáadáa: a kì í jẹ ẹ́ ní tútù, a kì í sì í lọ̀ ọ́ mu. Oró bíi ti ẹ̀gẹ́ wà nínú rẹ̀, iná ló ń lé e jáde. Ẹ fi ọ̀rá bọwọ́ tí ẹ bá ń já a torí irun rẹ̀ lè tani. Ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú 15 láìdé e, ẹ da omi náà nù. Ìkòkò irin tàbí ti tánńganran ni kí ẹ lò, ẹ má lo tọ́ọ̀rọ́ (alumíníọ́mù).

Nísinsìnyí, ọbẹ̀. Ata ẹja àrọ̀ kílò 1: ewé ìyèré tó tó àtẹ́lẹwọ́, ẹyọ 4, àti èso rẹ̀ tí a lọ̀, ìdajì ṣíbí tíì. Èso ló kọ́kọ́ ń wọlé, pẹ̀lú ata àti àlùbọ́sà, torí ó fẹ́ iná. Ewé ni a ń fi kẹ́yìn. Ẹ rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́ bí òwú, ẹja ti gbọ́dọ̀ jinná, ẹ dà á sí i, ẹ dé e, ìṣẹ́jú 2, ẹ pa iná. Bó bá pẹ́ lórí iná, òórùn rẹ̀ á fò lọ, kíkorò nìkan ni yóò kù. Ẹ má fi efinrin sí ìkòkò kan náà, yóò bo ìyèré mọ́lẹ̀.

Arọ̀kẹ́kẹ́ kì í ṣe ẹ̀fọ́ tí à ń bù lọ́pọ̀. Ẹyọ 2 tó fún ìkòkò yẹn. Tí àwọn ọmọ bá ń sá fún un, ẹ fi iyọ̀ fún un díẹ̀ kí ẹ ṣàn án kí ẹ tó lò ó. Ẹni tó ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà kó má máa mu omi rẹ̀ láìsọ fún dókítà, torí òun náà lè fa ṣúgà ara wálẹ̀.

Wòròwó ní tirẹ̀ ni ẹ lè bù kún ìkòkò. Ẹ rẹ́ ẹ, ẹ dà á sínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 1 péré, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fún un, kí ẹ tó dà á sínú ata dídín tó ti ní irú àti ẹ̀gúsí. Ìṣẹ́jú 3 ti tó. Ìdì ńlá ni kí ẹ já o, torí ó máa ń sún kì gan-an.

Bàbá-Ọgbà-Ẹ̀pẹ́:
Ìyá Olóbẹ̀, ẹ ṣé nítorí ewé ọgbọ́ yẹn. Ará Ìgbógbó, tí èèrà bá ń gun ìyèré, ẹ yí ewé padà: kòkòrò funfun bí òwú ló wà lábẹ́ rẹ̀ tí èèrà ń sìn. Ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, ṣíbí tíì 1 sínú omi lítà 1, ẹ fi fọ abẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, ẹ fi omi lásán ṣàn án láàárọ̀. Ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọjọ́ 7, torí ẹyin wọn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Efinrin yín náà, ẹ máa gé e kó tó yọ òdòdó, ẹ sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ tó bá ti di igi gbígbẹ nídìí.