Ọwọ́ fífọ̀ kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀: ẹ wá sọ tiyín

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Ẹ kú iṣẹ́ o, ará tíátà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá iṣẹ́ abẹ. Kẹ́ ẹ tó wọ ìbọ̀wọ́, ṣé ọṣẹ àti omi lẹ fi ń fọwọ́ ni, àbí ọtí apakòkòrò?

Ará Òmù-Àrán: Ọṣẹ àti omi ni tiwa. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nínú ọ̀gbẹlẹ̀, aláboyún ti wà lórí tábìlì, ẹ̀rọ omi kàn ń súfèé. Wọ́n ń fi ike bu omi dúrọ́ọ̀mù dà sí dókítà lọ́wọ́, a ò sì mọ ìgbà tí wọ́n fọ dúrọ́ọ̀mù yẹn gbẹ̀yìn. Ọkàn mi ò balẹ̀ títí ìyàwó náà fi gbélé lọ láyọ̀.

Ọmọ Pàkátà: Omi dúrọ́ọ̀mù kẹ̀! Irú ọjọ́ yẹn gan-an lọtí wúlò. WHO, Àjọ Ìlera Àgbáyé, sọ ọ́ ní 2009, wọ́n tún un sọ ní 2016: ọṣẹ apakòkòrò pẹ̀lú omi, tàbí ọtí. Ọwọ́ á ti mọ́, á ti gbẹ, ẹ ó wá fi ọtí pa á dé ìgúnpá títí yóò fi gbẹ.

Ìyá Barakat: Ọtí, ní Ìlọrin? Ìrun ọ̀sán ńkọ́?

Ọmọ Pàkátà: Àǹtí, ẹnikẹ́ni ò mu ún. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí tó jókòó ní Mẹ́kà ní 2002 ní a lè fi pa kòkòrò lára.

Ará Òmù-Àrán: Owó ńkọ́?

Ọmọ Pàkátà: Kí àwọn apoògùn yín pò ó: ethanol, ìyẹn ọtí gan-an, 80%, glycerol tí kì í jẹ́ kí awọ gbẹ, 1.45%, hydrogen peroxide tó ń pa kòkòrò inú àdàlù náà, 0.125%, omi tí wọ́n sè tó ti tutù ló kù.

Àgbà Tíátà: Láyé tiwa, ìṣẹ́jú 10 pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ni. Ọwọ́ á máa ta ni bíi pé a fi lọ ata.

Nọ́ọ̀sì Ọ̀ffà: Ẹ̀gbọ́n, ìṣẹ́jú 2 sí 5 ti tó báyìí. Búrọ́ọ̀ṣì ń bó awọ, kòkòrò a sì ráyè.

Ìyá Barakat: Èmi, làálì ni wọ́n fi lé mi síta lẹ́yìn ìgbéyàwó àbúrò mi. Ó dùn mí gan-an. Kútẹ́ẹ̀sì àti èékánná àtọwọ́dá ni mo mọ̀ pé wọ́n kọ̀.

Àgbà Tíátà: Làálì kì í ṣí bíi kútẹ́ẹ̀sì lóòótọ́.

Ará Òmù-Àrán: Àmọ́ tó bá dúdú, báwo lẹ ṣe máa rí ìdọ̀tí abẹ́ èékánná?

Ìyá Barakat: Ẹ bi àwọn tó wọ òrùka wọlé lọ́jọ́ yẹn, tẹ́nikẹ́ni ò lé.