Bussa àtijọ́ tí omi bò, ṣé òótọ́ ni?

Ọmọ Bíríkìlà: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn. Bàbá mi ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní dáàmù Kainji láyé ọjọ́un, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti múná lọ báyìí ni wọ́n á ní "odindi ìlú la fomi bò torí iná yìí o". Mo wò ó lórí Google, New Bussa nìkan ni mò ń rí. Èyí tí omi bò dà?

Àjàní Mokwa: Bàbá ò parọ́. Etí odò Ọya ni Bussa gangan wà, níbi tí àpáta pọ̀ sí lójú omi, ibẹ̀ náà ni òyìnbó arìnrìn-àjò Mungo Park kú sí ní 1806. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dáàmù ní 1964, wọ́n ti mọ̀ pé bí wọ́n bá sé odò, omi á padà sẹ́yìn á bo Bussa àtàwọn abúlé, ni wọ́n bá kọ́lùú tuntun, òun ni New Bussa tó o rí yẹn. Bí 44,000 èèyàn ló kó kúrò nílé bàbá wọn. 1968 ni wọ́n sé omi, Gowon wá ṣí dáàmù náà ní 1969.

Ìyá Ìbejì: Mo gbé New Bussa rí, ọmọ Bussa àtijọ́ ni ìyá onílé wa. Ọlọ kan wà lẹ́yìnkùlé wọn tó ti jẹ wọnú láàárín. Wọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń kẹ́rù sí lọ́rì, dírẹ́bà ní òun ò gbé òkúta, ìyá wọn bá lọ jókòó lé e, ó ní bí ọlọ ò bá lọ òun náà ò lọ. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń lọta báyìí o, àmọ́ ẹ má dán an wò kẹ́ ẹ gbé garawa lé ọlọ yẹn! Ti ilé ò dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ojú oórì àwọn èèyàn wọn tó wà lábẹ́ omi ni wọn ò yé sọ.

Abíọ́dún: Ẹ̀gbọ́n Àjàní, Mungo Park ṣá lẹ mọ̀. Ìlú ọba ni Bussa, ìlú àwọn Ìbàrìbá, kí òyìnbó tó débẹ̀. Àwa Yorùbá gan-an jẹ Ìbàrìbá lóore, ṣebí ìtàn ní ọba wọn ló so oògùn mọ́ ejò erè lọ́rùn tí Ọ̀rányàn tẹ̀ lé dé Ọ̀yọ́, nígbà tí Tápà sì lé Aláàfin Onígbogí, ọ̀dọ̀ wọn ló sá lọ.

Àjàní Mokwa: Mo gbà, àbúrò 😂

Ọmọ Bíríkìlà: Ẹ ṣé gan-an. Mo kà á fún bàbá mi lórí fóònù, wọ́n ní àwọn kọ́lé ní New Bussa náà, kí n bi Ìyá Ìbejì bóyá ògiri ilé ìyá yẹn ò tíì sán.